Lẹ́yìn Ọgbọ̀n Ọdún: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Iṣẹ́ Tó Lówó Nínú Láàárín Ọdún Kan

Ọmọ ọdún 34 ni mí nígbà tí mo tún padà di ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Kí ó tó di ìgbà náà, mo ti fi ọdún mọ́kànlá ṣe iṣẹ́ iná ilé ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo ti fa wáyà sí ilé púpọ̀ láti Wàǹdó títí dé ọ̀nà Àjàrá, àwọn mọlémọlé mọ̀ mí, àwọn onílé mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ohun tí ń wọlé fún mi kò ju èyí tí a fi ń jẹun lọ, bí ọmọ kan bá sì ṣàìsàn nínú ilé, gbèsè ni a ó fi tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ iná oòrùn ni mo lọ kọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó gbà mí, n kò sì pa iṣẹ́ àtijọ́ tì nínú oṣù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo kọ ìlànà yìí fún àwọn tó wà ní irú ipò tí mo wà nígbà náà, yálà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, nítorí mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ bí ohun tí a ti ní lọ́wọ́ ṣe sún mọ́ owó tó.

Àwọn ọdún tó kọjá yìí ti fi hàn wá pé iṣẹ́ tí ènìyàn gbára lé lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Nàìjíríà fi ti ẹnubodè rẹ̀ pa, àwọn ará Kétu tí ń bá Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ ṣòwò kò sì tíì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, èrè àwọn tí ń ta epo kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, lẹ́bàá ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Ìgòlò já wálẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnubodè Nìjẹ̀ tún dí, àwọn awakọ̀ akẹ́rù tí ń la Ṣábẹ kọjá lọ sókè sì mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí wọn. Àwọn tí ìyípadà wọ̀nyí dé bá ní ọmọ ọdún 20 rí àyè wá nǹkan mìíràn. Ẹni tó ti lé ní 30, tó ní ìyàwó tàbí ọkọ, tó ní ọmọ ní ilé ìwé, tó sì ní òbí tó ń wo ọwọ́ rẹ̀, nílò ọ̀nà tó kúrú.

Àwọn tí ń polówó ẹ̀kọ́ lórí fóònù máa ń sọ fún wa pé kí a gbàgbé ohun tí a ti ń ṣe, kí a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Kò sí ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ní ọdún mẹ́ta tí yóò fi máa gbá ilẹ̀ ìsọ̀ ọ̀gá. Ohun tí a ní ni àwọn oníbàárà tó fọkàn tán wa, ọwọ́ tó ti mọ irinṣẹ́, àti ojú tó ti rí àṣìṣe púpọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni ohun ìní wa. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó yẹ kí a wá ni iṣẹ́ tó bá èyí tí a mọ̀ pààlà, kí a kọ́ apá tí a kò mọ̀ nìkan, kí iṣẹ́ àtijọ́ sì máa bọ́ wa títí ti tuntun yóò fi lè dúró.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ ń rí gan-an

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ sì máa kọ owó tó wọlé àti owó tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, láìfo ọjọ́ kankan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ohun tí wọ́n gbà, wọn kò mọ ohun tó kù. Ká sọ pé ẹni tí ń wa zémidjan, ìyẹn alùpùpù akérò, ń gba 5,000 sẹ́fà lóòjọ́. Bí ó bá yọ 2,000 owó epo, tó yọ 500 fún ọ́ìlì, táyà àti àtúnṣe, tó sì san 1,000 fún ẹni tó ni alùpùpù, 1,500 ni tirẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 26 nínú oṣù, 39,000 sẹ́fà ni ó mú wálé, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó kéré jù tí òfin orílẹ̀-èdè Benin fi lélẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, èyí tí à ń pè ní SMIG, jẹ́ 52,000. Ó dára kí ènìyàn mọ èyí nípa ara rẹ̀ kí ó tó yan ohunkóhun, nítorí iye yẹn ni a ó fi wọn iṣẹ́ tuntun.

Ẹ tún máa kọ àwọn wákàtí tí ẹ fi jókòó dúró de iṣẹ́. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò tèmi, mo rí i pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lóṣù ni mo fi ń jókòó níwájú ìsọ̀ onígi kan tí mo ń bá àwọn ènìyàn tàkúrọ̀sọ. Ó dùn mí gan-an. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn náà ni mo sì fi kọ́ iṣẹ́ tí mo ń jẹ lónìí, tí owó oúnjẹ ilé kò fi dín.

Iṣẹ́ tó bá tiwa pààlà

Ẹ fi ojú ìwé kan sílẹ̀ nínú ìwé kékeré náà fún iṣẹ́ tí ẹ kọ̀. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá béèrè ohun kan tí ẹ sì dá a lóhùn pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí tí ẹ júwe ẹlòmíràn fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé ìwádìí ọjà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni. Láàárín oṣù méjì, oníbàárà mẹ́fà ti bi mí bóyá mo lè gbé pánẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí ilé wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fi ọwọ́ ara mi lé owó lọ.

Ẹ wo bí ohun tó kù kí n kọ́ ti kéré tó. Ilé kan ní gílóòbù LED márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10, wọ́n sì ń tàn fún wákàtí 5 lóòjọ́: ìyẹn jẹ́ 250 wáàtì-wákàtí. Fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 50 ń fẹ́ fún wákàtí 8, ó di 800. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 60 fún wákàtí 4 jẹ́ 240. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,290. Bí a bá ka oòrùn tó mú dáadáa sí wákàtí 4 péré, kí òjò má baà dójú tì wá, a ó pín 1,290 sí ọ̀nà mẹ́rin, yóò jẹ́ nǹkan bí 323, a ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e nítorí ohun tí ooru, wáyà àti ẹ̀rọ ń jẹ. Pánẹ́ẹ̀lì tó tó wáàtì 430 sí 450 ni ilé náà nílò. Bí bátìrì rẹ̀ bá jẹ́ ti lithium, a lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìṣe é léṣe, nítorí náà èyí tó gba nǹkan bí 1,610 wáàtì-wákàtí yóò tó. Bí ó bá jẹ́ ti òjé, tí kò yẹ kí a lò kọjá ìdajì, ó gbọ́dọ̀ gba 2,580, ìyẹn 215 ámpíà-wákàtí lórí bátìrì fólítì 12. Pánẹ́ẹ̀lì yóò kọjú sí gúúsù, nítorí pé apá àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni a wà, yóò sì dà ní dìgíríì 10 ó kéré tán, kí òjò lè máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí rẹ̀.

Ìṣirò ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo èyí. Fífa wáyà, yíyan bí wáyà yóò ṣe nípọn tó, wáyà ilẹ̀, gígun òrùlé láìfọ́ páànù onílé, mo ti mọ gbogbo ìyẹn fún ọdún mọ́kànlá. Ohun tó ṣàjèjì sí mi ni pé bí iná tààrà, èyí tí pánẹ́ẹ̀lì ń mú jáde, bá ta níbi tí wáyà ti já, kì í tètè kú bí iná tí a mọ̀ nínú ilé, nítorí náà disjoncteur tirẹ̀, ìyẹn ohun tí ń já iná nígbà ewu, yàtọ̀, ẹni tó bá sì fi ti ilé dípò rẹ̀ lè dáná sun ilé onílé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo sanwó kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ iná láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní agbègbè Ṣábẹ, ọ̀rọ̀ kàjú ni mo fẹ́ kí ẹ ronú sí. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Benin ti fi òfin de kíkó kàjú tútù, ìyẹn èyí tí a kò tíì fọ́, lọ sí òkè òkun, kí a lè máa fọ́ ọ níhìn-ín. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ fọ́ kàjú kò lè máa fojú wọn ẹrù. Ó fẹ́ mọ iye ọmọ inú tó dára tí àpò kan yóò mú jáde, ìṣirò tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni a sì ń pè ní KOR. Ẹni tó ti ń ra kàjú kiri abúlé fún àwọn oníṣòwò láti ìgbà èwe rẹ̀ ti mọ gbogbo ohun tó yí i ká, KOR nìkan ló kù. Yóò mú kàjú láti inú àwọn àpò bíi mélòó kan, yóò pò ó pọ̀, yóò wọn kílò kan, yóò fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, yóò yọ ọmọ inú rẹ̀ kúrò nínú èèpo, yóò sì ya èyí tó dára, èyí tó ní àbàwọ́n àti èyí tó ti jẹrà sọ́tọ̀. Yóò wọn èyí tó dára, yóò fi ìdajì ìwọ̀n alábàwọ́n kún un, yóò da èyí tó jẹrà nù. Bí èyí tó dára bá jẹ́ gíráàmù 255, tí alábàwọ́n sì jẹ́ 30, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 270. Bí a bá fi 0.176 sọ 270 di púpọ̀, a ó rí nǹkan bí 47.5, èyí tí í ṣe iye pọ́n-ùn ọmọ kàjú tó dára tí àpò kílò 80 yóò mú jáde. Nọ́ńbà yẹn ni ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà yóò fi dúnàádúrà. Òṣùwọ̀n kékeré tó péye, ọ̀bẹ àti ìbọ̀wọ́ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fojú tín-ínrín ìbọ̀wọ́, nítorí pé òróró èèpo kàjú máa ń bó awọ ara. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ní àsìkò tí kàjú ń bọ́, tó fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ kàjú tẹ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì ni mo tún máa ń ronú kàn. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, àti àwọn onípẹtiróòlù ti Yúróòpù láti ọdún 2001, ní ihò kan lábẹ́ ibi ìdarí ọkọ̀ tí a lè ki ẹ̀rọ kékeré bọ̀ kí ó sọ àìsàn ọkọ̀ fún wa. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ P0300, ohun tó ń sọ ni pé iná kò tàn déédéé nínú ẹ́ńjìnì, láìsọ ojú ibi gan-an tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ra ẹ̀rọ lánàá lè ka nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì fún ọdún méjìlá ló lè sọ bóyá búùjì (plọ́ọ̀gì) ni, tàbí epo tí kò mọ́, tàbí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé níbi tí kò yẹ. Bí ó bá lè kà á, tó sì lè gbọ́ ọ, owó ọ̀tọ̀ ni yóò máa gbà fún yíyẹ ọkọ̀ wò kí ó tó fọwọ́ kan sípánà.

Àwọn yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mọlémọlé lè kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán ilé, kí ó sì máa darí iṣẹ́ dípò kí ó máa po sìmẹ́ǹtì. Awakọ̀ takisí lè gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá lọ́dọ̀ ANaTT, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìrìnnà orí ilẹ̀. Oníṣòwò Kétu tó gbọ́ Yorùbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó mú bọ̀ láti ìhà Nàìjíríà lè kọ́ iṣẹ́ ìwé ẹrù ti dùwánì (aṣọ́bodè), tí wọ́n ń fi ètò kan tó ń jẹ́ SYDONIA ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Aránṣọ tó mọ bí a ṣe ń gé pátíróònù oríṣiríṣi ìwọ̀n ní àǹfààní ju ẹni tó kàn lè rán lọ, pàápàá nísinsìnyí tí ilé iṣẹ́ aṣọ wà ní Glo-Djigbé, àgbègbè ilé iṣẹ́ ńlá tó wà nítòsí Kútọnù.

Ní ti kíkọ́ bí a ṣe ń ṣe ètò fún kọ̀ǹpútà, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ freeCodeCamp jẹ́ ọ̀fẹ́, OpenClassrooms ń kọ́ni ní Faransé, Sèmè City, ibùdó ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ tuntun ti ìjọba, sì ti mú Epitech, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti Faransé, wá sí Kútọnù láti ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé oṣù mẹ́ta ni yóò fi sọ yín di ọ̀gá nínú rẹ̀ kò fẹ́ràn yín. Ẹ ka ọdún méjì sí i bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.

Ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọ̀gá

Mo kọ́kọ́ pàdánù 120,000 sẹ́fà kí n tó gbọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ ṣèlérí ìwé ẹ̀rí àti iṣẹ́ fún wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni olùkọ́ fi ń kọ nǹkan sára pátákó tí a ń dà á kọ, a kò fọwọ́ kan pánẹ́ẹ̀lì kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin wọ́n ní kí a san owó ìdánwò. Mo dìde kúrò níbẹ̀. Owó àjọ ni mo fi san án, ìtìjú sì jẹ́ kí n pa á mọ́ fún ìyàwó mi fún odindi oṣù kan.

Láti ìgbà náà, ohun mẹ́ta ni mo máa ń ní kí ènìyàn béèrè kí ó tó sanwó fún ilé ẹ̀kọ́ kankan. Kí wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti ọdún tó kọjá hàn án, kí ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ láìsí olùkọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n sọ iye wákàtí tí ọwọ́ òun yóò fi wà lára irinṣẹ́. Kí wọ́n sọ ẹni tó ni òǹtẹ̀ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí wọn, nítorí pé òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ti ìjọba. Ìwé ẹ̀rí ìjọba méjì tí a mọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ní Benin ni CQP àti CQM. CQP gba ọdún mẹ́ta láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti ìsọ̀ ọ̀gá, àwọn ọ̀dọ́ ló sì bá mu. CQM ni ó sún mọ́ ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó kàn fẹ́ kí ìjọba jẹ́rìí sí ohun tó mọ̀. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó sì fẹ́ sin adìyẹ tàbí ẹja lọ́nà tó péye kò ní láti rìn jìnnà, nítorí pé Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, wà ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀. ANPE, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bá ènìyàn wá iṣẹ́, náà yẹ ní yíyà sí kí ẹ mọ irú ẹni tí àwọn ilé iṣẹ́ ń wá.

Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀gá tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ló yá jù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá a ṣe àdéhùn ọmọdé. Ọmọdé ni yóò lo ọdún mẹ́ta, tí yóò máa lọ ra oúnjẹ, tí yóò sì na owó rẹpẹtẹ ní ọjọ́ ìyọ̀ǹda. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: oṣù mélòó, ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀, ohun tí ọ̀gá yóò kọ́ yín ní orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti iye owó. Ẹ pín owó náà sí mẹ́ta, kí ẹ san ìdá kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan ní agbedeméjì, kí ìdá ìkẹyìn sì di ọjọ́ tí ẹ bá dá iṣẹ́ kan ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí ọ̀gá kàn dúró wò yín.

Ọ̀gá tó kéré sí wa lọ́jọ́ orí

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń lé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sá, nítorí náà mo fẹ́ sọ ọ́ kúnná. Ọmọ ọdún 26 ni ọ̀gá mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò lè rán mi níṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ kí n gbé àkàbà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ gbé e, bí mo bá ṣe àṣìṣe, yóò dákẹ́, nígbà tí mo bá lọ tán ni yóò tú u kó sì tún un ṣe. Mo wá rí i pé ẹ̀kọ́ ni mo ń pàdánù nítorí ọ̀wọ̀. Mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan sọ ọ́, bàbá náà pe àwa méjèèjì jókòó, a sì fẹnu kò. Lójú oníbàárà, èmi yóò máa pè é ní Ọ̀gá, òun yóò sì máa pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, yóò máa fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀. Lórí òrùlé, ohun tó bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe, bí mo bá ní àtakò, ó di ìgbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Òun náà kò ní jágbe mọ́ mi níwájú oníbàárà, kò sì ní rán mi lọ ra nǹkan ní ọjà nígbà tí ọmọdé bá wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí wáyà kan kò bá le dáadáa, n ó gbọ́ tí yóò sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èyí dè," n ó sì tún un dè. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín lọ́dọ̀ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ ti ń ṣe nǹkan kí wọ́n tó bí i. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, yóò pa ẹnu ọ̀gá náà dé, ẹnu rẹ̀ ni ẹ sì sanwó fún. Ẹ wá ohun tí ẹ̀yin náà lè fún un. Èmi mọ inú ilé ju òun lọ, mo mọ bí a ṣe ń wá wáyà tó ti jó nínú ògiri láìfọ́ gbogbo ògiri, mo sì kọ́ ọ ní ìyẹn. Lẹ́yìn oṣù kẹta, iṣẹ́ tó bá kan inú ilé ti di tèmi, ó sì ń san owó ọjọ́ fún mi lórí rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó, àkókò àti àwọn ará ilé

Wákàtí méjì lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 26, jẹ́ wákàtí 312. Ó tó láti kọ́ apá tó kù nínú iṣẹ́ tó bá tiyín pààlà, bí ẹ kò bá fi wákàtí náà tòògbé. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo yàn, kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, nítorí pé lálẹ́ ara mi kò gbà á. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí owó ilé ìwé ń gba gbogbo ọwọ́, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò tí iṣẹ́ àtijọ́ yín ń pa owó jù lọ nínú ọdún, àfi bí ó bá jẹ́ pé àsìkò náà gan-an ni ẹ̀kọ́ wà, bíi ti kàjú.

Bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ jẹ́ kí ìgbà tí ẹ ó kó o bọ́ sí òpin ẹ̀kọ́, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Irinṣẹ́ kò ṣeé rà ní ìdajì. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti yá owó èlé san owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan bá ti dájú tí oníbàárà sì ti san àsansílẹ̀, yíyá owó díẹ̀ ra irinṣẹ́ kì í ṣe àṣìṣe.

Lẹ́yìn tí mo jẹ́wọ́ owó tí mo pàdánù fún ìyàwó mi, mo gbé ìwé kékeré náà síwájú rẹ̀. Òun ló rí ohun tí èmi kò rí: owó aṣọ ẹbí. Ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, kò sí oṣù tí a kì í dá aṣọ fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ẹnìkan. A lọ bá àwọn àgbà ìdílé méjèèjì, a sọ fún wọn pé fún ọdún kan, a ó máa wá, a ó máa ṣiṣẹ́, a ó máa gbé àga, ṣùgbọ́n a kò ní rà nínú aṣọ. Inú àwọn kan kò dùn. Bàbá ìyàwó mi ló sọ pé kí wọ́n fi wá sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ kí ẹ máa wá àwáwí ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dá àkókò sí i, nítorí pé ìdílé máa ń gba ohun tó ní òpin.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti ìwé rẹ̀

Ẹ padà sí ojú ìwé iṣẹ́ tí ẹ kọ̀. Àwọn oníbàárà mẹ́fà tí mo kọ iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè, méjì nínú wọn ṣì ń wá ẹni tí yóò ṣe é. Mo ṣe iṣẹ́ méjèèjì ní ìdajì owó ọwọ́, mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, mo sì gba àṣẹ láti ya àwòrán rẹ̀ kí n lè máa fi hàn ẹlòmíràn. Láti orí ẹ̀kẹta, owó pípé. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò dára, nítorí pé ẹni tí a ṣe ọ̀fẹ́ fún yóò júwe wa fún ẹni tó ń wá ọ̀fẹ́.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń kọ devis, ìyẹn ìwé tí a fi ń díye lé iṣẹ́ kí a tó ṣe é, ní Faransé tó mọ́. Kí orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀, owó rẹ̀ àti owó ọwọ́ wà ní ìlà tirẹ̀, kí ẹ sì kọ iye ọjọ́ tí owó náà yóò fi dúró bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ Faransé dáadáa, ẹ sanwó fún olùkọ́ àdúgbò kan kí ó bá yín ṣe àpẹẹrẹ mẹ́ta tí ẹ ó máa yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà. Ẹ gba nọ́ńbà IFU, ìyẹn nọ́ńbà owó orí, kí ẹ sì forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lórí ojú òpó ìjọba, monentreprise.bj. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ tó ní owó láti san kì í sanwó fún ẹni tí kò lè fún wọn ní facture normalisée, ìyẹn ìwé owó tó bá ìlànà àwọn agbowó orí mu, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bá àwọn onílé nìkan ṣiṣẹ́ nítorí pé mo ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ owó orí. Ìgbà tí mo gba ìwé tán ni ilé ìwé àkọ́kọ́ pè mí.

Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́rìnlá tí mo ti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́, mo tún ṣí ìwé tuntun, mo sì kọ ohun gbogbo sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí mo fi jókòó dúró de iṣẹ́ ti di méjì, ohun tó sì kù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìnáwó iṣẹ́ ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ iná ilé kéékèèké ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ ní àdúgbò wa, mo sì ti sọ fún un pé kí ó máa kọ iṣẹ́ tí òun náà bá kọ̀ sílẹ̀.